Ẹsẹ̀ Òsì Ẹ̀gbọ́n Yín

Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́,
Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọkọ mi ọ̀wọ́n, Akọ̀wé,

Àsàláámù àlékùmù. Mo kúnlẹ̀ kí yín, bí ìyàwó ilé ṣe ń kí àbúrò ọkọ. Ẹ kú iṣẹ́ ìwé, ẹ kú ìdánwò àṣekágbá. Mo bẹ Allah pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ó sì bá yín lórí ìjókòó, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣeé kà lórí ìdúró. Gbogbo ayé ló ń pè yín ní Israfil. Èmi ni mo ń pè yín ní Akọ̀wé láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Lónìí, ó ku díẹ̀ kí n pè yín lórúkọ. Inú ń bí mi.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí n kò fi pè yín lórí fóònù. Kareem ẹ̀gbọ́n yín kì í jìnnà sí mi mọ́, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí mo bá pè, ẹ ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, ẹ ó ní, "Ìyàwó wa, ojo ti pọ̀ jù lára yín." Ẹ ò lè já lu lẹ́tà. Ìdí nìyí tí mo fi fi í rán Akínpẹ̀lú, awakọ̀ àdúgbò wa tó ń ná Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ òsì ẹ̀gbọ́n yín, láti ìsàlẹ̀ orúnkún. Ẹ̀gbọ́n yín wà láàyè. Ẹ mí kanlẹ̀ ná, kí ẹ tó máa kà á lọ.

Ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Dókítà ló sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, pé télọ̀ tó ń jókòó sídìí maṣín-ìn láti àárọ̀ dalẹ́ gbọ́dọ̀ máa na ara. Ẹ̀yin lẹ ra bàtà ìsáré ránṣẹ́, mo sì ṣàdúrà fún yín. Ní òwúrọ̀ Sátidé tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín, mo ní èèyàn kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún, kí ni wọ́n ń lé, àbí kí ló ń lé wọn? Wọ́n ní ogbó ló ń lé àwọn. Mi ò ní purọ́, eré náà ṣe wọ́n lóore. Ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, oorun wọn dára, wọ́n tilẹ̀ ń bá Ràódàt ọmọ wa lé ara wọn kiri ojúde. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eré sísá ló gé ẹsẹ̀ wọn.

Dámisí ni olórí ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń sáré. Wọ́n á sá yí pápá Dúrbà po, wọ́n á padà sílé. Àṣà kan wà nínú ẹgbẹ́ yẹn tí mi ò fẹ́ràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró, àní ẹni tó bá kàn fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ á yí i ká, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa kọrin pé:

"Ta ló jókòó? Ọ̀lẹ ni!
Ta ló ní ó rẹ òun? Ọ̀lẹ ni!"

Àwàdà ni lójú wọn. Ṣùgbọ́n baálé ilé wo ló fẹ́ kí wọ́n kọ irú rẹ̀ sí òun lójú títì? Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ kan ní Awẹ́ pè wọ́n níjà, ni Dámisí bá ní láti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ, àwọn á máa sá a láti Dúrbà dé Awẹ́, àlọ àti àbọ̀, lórí ọ̀dà. Ẹ̀gbọ́n yín kì í gbé agbádá fún ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé Awẹ́ fún ẹsẹ̀ ara wọn.

Kò pẹ́ tí ojúgun òsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ojú kan ni, ibi tí ìka kan lè bò. Bí wọ́n bá sinmi, á rọlẹ̀. Bí wọ́n bá tún sáré, á padà dé. Nígbà tó ṣe, kò rọlẹ̀ mọ́, kódà lórí ibùsùn. Nọ́ọ̀sì kan tẹ ibẹ̀, ó ní ó jọ pé eegun ti ń sán, kí wọ́n lọ ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n má sáré títí yóò fi jinná pátápátá, kí wọ́n sì pààrọ̀ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ. Ẹ̀gbọ́n yín dúpẹ́, wọ́n yà ní kẹ́míìsì, wọ́n ra oògùn ara ríro. Wọ́n ń gbé e mì kí wọ́n tó jáde ní Sátidé. Mo pariwo. Wọ́n ní, "Ràmọ́tà, ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa kọrin ọ̀lẹ fún ọkọ ẹ ni?" Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ kí ilẹ̀ ṣú, èmi á bá wọn gbè é. Wọ́n so okùn bàtà, wọ́n jáde.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé Awẹ́ ni eegun náà dá. Dámisí fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé òun gbọ́ ọ, pé ó dún bí igi gbígbẹ tí èèyàn fi orúnkún ṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n yín ṣubú lulẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹgbẹ́ ṣe. Wọ́n yí ẹ̀gbọ́n yín ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin ọ̀lẹ lé wọn lórí níbi tí wọ́n nà sí. Wọ́n rò pé eré ni. Ìgbà tí Dámisí rí bí ẹsẹ̀ náà ṣe yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni orin tó dáwọ́ dúró. Bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni.

Mo ní ilé ìwòsàn. Àwọn àgbà ilé yín ní ọ̀rọ̀ eegun kì í ṣe ti dókítà, pé bàbá kan wà tó ń to eegun láti ìran baba rẹ̀. Ìyàwó ni mí, ìyàwó kì í pàṣẹ níwájú ẹbí. Mi ò bú àwọn tó ń to eegun, ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n tò ló ń rìn lónìí. Ṣùgbọ́n èyí fi pẹlẹbẹ ọparun di ẹsẹ̀ náà pinpin, débi pé àwọn ọmọ ìka bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Mo fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n tutù bí ilẹ̀ balùwẹ̀. Mo ní kí wọ́n tú u. Bàbá náà ní oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n yín kò ké, wọn ò ráhùn, nítorí lójú tiwọn, ọ̀lẹ ló ń ké. Nígbà tí ibà gbé wọn dè, tí òórùn ń jáde lábẹ́ ọparun, mi ò bi ẹbí léèrè mọ́. Mo ké sí Akínpẹ̀lú, a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Dókítà wò ó, ó mi orí. Ó ní ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀mí, kí a mú ọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ ni, Akọ̀wé. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítòsí yín níbẹ̀. Ẹbí ní a ò gbọdọ̀ sọ fún yín, pé ọmọ tó ń ṣe ìdánwò kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú, ẹ̀gbọ́n yín náà sì mú mi búra. Bí ẹ bá pè, wọ́n á gbé fóònù sétí lórí ibùsùn, wọ́n á ní ara àwọn le, àwọn wà ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà wọ́n á kọjú sí ògiri.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo lọ ra ẹ̀kọ gbígbóná ní Under G, àdúgbò ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀, mo yíjú, ẹ̀yin lẹ ń bọ̀ yẹn, ẹ ṣíwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ eré sísá yín. Mo fa híjáàbù bojú. Ẹ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi débi tí mo lè fọwọ́ kàn yín. Ẹ ń tiro díẹ̀. Nígbà tí ẹ dé ìkóríta, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun, ojú kan ṣoṣo, bí ẹ̀gbọ́n yín ṣe máa ń tẹ tiwọn gẹ́lẹ́. Ẹ nàró, ẹ tún ń sáré lọ. Mo sunkún níbẹ̀, ẹlẹ́kọ rò pé ẹnìkan kú fún mi ni.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ pè, ẹ ní ojúgun ń dùn yín, ṣùgbọ́n ẹ ti rí oògùn tí ẹ máa lò kí ẹ lè bá ẹgbẹ́ sá eré Sátidé yìí, lójú ọ̀nà Ìkòyí-Ilé. Ẹ̀gbọ́n yín dákẹ́. Ẹ rò pé fóònù ló já. Ẹkún ni. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n ní sùúrù, tí ẹ bá ṣe ìdánwò tán, àwọn á sọ fún yín. Eegun kò mọ ìdánwò. Ìdí nìyí tí mo fi da ìbúra náà. Kí Allah foríjì mí.

Ẹ má sáré ní Sátidé. Mo bẹ yín, ẹ má sáré. Ẹ lọ ya fọ́tò eegun ẹsẹ̀ yín, kí ẹ sinmi títí dókítà á fi ní ó tó. Bí ẹ bá padà sídìí eré, ẹ fi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fi oògùn pa irora lẹ́nu mọ́. Bí ẹgbẹ́ yín bá ní irú orin Dámisí, ẹ fòfin dè é, ẹ̀yin kúkú lolórí wọn. Bí wọ́n bá pè yín ní ọ̀lẹ, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀lẹ ẹlẹ́sẹ̀ méjì.

Ẹ̀gbọ́n yín ti padà sídìí maṣín-ìn. Ẹsẹ̀ kan ni wọ́n fi ń wà á, ìró rẹ̀ ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n kó gbogbo ṣòkòtò ara wọn jáde, wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, wọ́n sì rán ojú rẹ̀ pa. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn ṣe é. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ẹgbẹ́ ṣì ń gba iwájú ilé wa kọjá. Bí wọ́n bá ti sún mọ́ ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á pa orin mọ́nu títí wọ́n á fi kọjá. Ẹ̀gbọ́n yín ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn kí wọ́n máa kọ ọ́.

Kí Allah ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín. Ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ, ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà. Ìwé tí ẹ kà á ṣe yín láǹfààní, ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ ara yín rìn wálé wá jẹran Iléyá. Àmín.

Èmi ni ìyàwó yín tó ń bínú nítorí pé ó fẹ́ràn yín,
Ràmọ́tà.

Àfikún: Inú àpò ṣòkòtò Iléyá yín tí Akínpẹ̀lú gbé wá ni mo ti lẹ́tà yìí bọ̀, ẹ̀gbọ́n yín ò mọ̀. Wọn ò tíì ṣẹ́ etí ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà. Wọ́n ní kí ẹ wọ̀ ọ́ wò, kí ẹ sì fi ìwọ̀n gígùn rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ bá mi wọn méjèèjì, Akọ̀wé, ti ọ̀tún àti ti òsì.