Tábìlì Abẹ́ Fèrèsé: Ìtàn Ìgbésí Ayé Ìyá Wa, Tíṣà Kíláàsì Kìíní

Ọdún 1949 ni wọ́n bí ìyá wa, ní òwúrọ̀ ọjọ́ òjò kan, nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Aránṣọ náà ni ìyá tó bí i. Bàbá rẹ̀ ń pín lẹ́tà, gbogbo àdúgbò ló sì mọ ìró kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìyá wa ni àkọ́bí wọn. Ọmọ abẹ́rẹ́ tí í tọ́ ọ̀nà fún òwú, ọmọ a-rìn-rìn-má-sọ-lẹ́tà-nù: bí wọ́n ṣe máa ń fi ẹ̀rín kì í nílé nìyẹn.

Ilé yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kó tó mọ ìwé kà dáadáa ló ti ń to àwọn àbúrò rẹ̀ sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ń fi òwú ìyá wọn kọ́ wọn ní ìṣirò. Èyí tó bá sùn, ó fi rúlà gbá a lórí. Àbúrò rẹ̀ tó tẹ̀ lé e jókòó láàárín yín lónìí. Ó ní títí di ìsinsìnyí, bí òun bá rí rúlà, òun á fọwọ́ bo orí. Ìyá wọn a máa sọ pé, "Ẹ wo tíṣà tí ò tíì ní bàtà." Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Tíṣà ni àdúgbò ń pè é. Tíṣà ni ọkọ rẹ̀ pè é dọjọ́ ikú.

Ó wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955. Nígbà tó parí, ó dúró nílé, ó ń bá ìyá rẹ̀ rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, kí owó ilé-ìwé lè kárí àwọn tó kù. Kò ráhùn. Ọdún 1968 ló tó wọ ilé-ìwé àwọn olùkọ́. Ó jáde ní 1971. Kíláàsì kìíní ni wọ́n fi í sí, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀gá ilé-ìwé nígbà kan. Ó ní, "Ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ wọ́, ṣé òrùlé ló máa tún un ṣe? Ẹ fi mí sílẹ̀ níbi ìpìlẹ̀."

Ní ọdún 1974, wọ́n pe káfíńtà kan wá tún bẹ́ǹṣì kíláàsì rẹ̀ ṣe. Bẹ́ǹṣì tó wó kò pọ̀. Káfíńtà pẹ́ lórí rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tíṣà lọ dúró lé e lórí, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé igi náà ṣì ń hù ni?" Káfíńtà tẹ orí ba, ó ń fi ìfági rẹ̀ fá pákó lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Tíṣà máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ìfági ló bá òun sọ̀rọ̀ ìfẹ́, pé bàbá wọn kò parí gbólóhùn kan títí òun fi gbà fún un. Bàbá wọn kò jiyàn.

Ọlọ́run fún wọn ní ọmọ mẹ́ta: àkọ́bí, ọkùnrin, tó ń tún mọ́tò ṣe; ìkejì, obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì; àti àbígbẹ̀yìn, ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì.

Nínú ìjọ, àwọn ọmọdé ló ń kọ́ ní ọjọ́ Àìkú. Àdúrà rẹ̀ kì í gùn. Ó ní Ọlọ́run kì í ṣe ọmọ kíláàsì kìíní, ẹ̀ẹ̀kan ni à ń sọ ọ́ fún un. Ní àdúgbò, ó kọ́ àwọn ìyá láti máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn. Kò gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2009. A rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ọdún 2016 ni iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn dé.

Nọ́ọ̀sì ní ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà máa ń kólòlò. Bí wọ́n bá ní kó dìde kàwé nílé-ìwé, ọ̀rọ̀ a há a lọ́fun, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a bá a parí rẹ̀, wọn a sì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò la ẹnu mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀, wọ́n ní ọmọ yìí kò lè kàwé, kó tún kíláàsì ṣe.

Nọ́ọ̀sì mú un wá sílé, ó ń sunkún. Tíṣà kò sunkún. Ó wo ọmọ náà, ó ní, "Kì í ṣe pé kò lè kà. Kò tíì ríbi tó ti máa kà ni. Fi í sílẹ̀ fún mi."

Nọ́ọ̀sì ní, "Màámi, ìsinmi ni wọ́n ní kí ẹ máa ṣe o."

Ó ní, "Mo ti sinmi. Ó ti sú mi."

Ní ọjọ́ kejì, ó lé àwọn àga àlejò kúrò ní yàrá iwájú. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n lọ sí kọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ń sùn. Ọkọ rẹ̀ béèrè ibi tí àlejò yóò máa jókòó sí. Ó ní, "Àlejò tó bá fẹ́ràn wa yóò dúró." Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ti ń dùn ún tipẹ́, ó sì rá yí yàrá náà ká. Ó fẹ́ rí ohun tí ọmọ yóò máa rí. Ó rí ìṣó tó yọrí lára ògiri. Ó rí i pé àwọn fọ́tò ga jù, pé ọwọ́ ọmọ kò lè tó pẹpẹ. Ó ní kí ọkọ òun sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. "Ohun tí ọmọ ń lò, kí ọmọ lè mú un fúnra rẹ̀, kó sì lè dá a padà." Nígbà tó fẹ́ dìde nílẹ̀, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ náà ni wọ́n jọ gbé e.

Ọkọ rẹ̀ kan tábìlì. Ó dára. Nígbà tí wọ́n mú ọmọ jókòó sí i, àgbọ̀n ọmọ ló gbé lé orí tábìlì, bí ẹni tó ń yọjú wo ilé aládùúgbò láti ẹ̀yìn ògiri.

Tíṣà ní, "Bàbá Nọ́ọ̀sì, ta lẹ kan èyí fún?"

Ó ní, "Yóò dàgbà."

"Èyí tó jókòó síbí lónìí ni mo fẹ́ kọ́. Ẹ bá mi gé e."

Ó gé e. Ó kó àwọn gígé ẹsẹ̀ tábìlì náà sábẹ́ bẹ́ǹṣì iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ ṣe ń ga, ó ń lẹ̀ wọ́n padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn méjèèjì kò tún sọ ọ̀rọ̀ náà.

Ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lórí okùn. Ó na okùn tí a fi ń sá aṣọ láti ògiri dé ògiri, ní ìwọ̀n gíga ọmọ. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó máa ń gé páálí. Iṣẹ́ kan, páálí kan. *To bọ́tìnnì ní àwọ̀ àwọ̀. Fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà láti ilẹ̀kùn dé ilé ìdáná. Kọ orúkọ ìyá rẹ. Ya ẹyẹ tó o bá kọ́kọ́ rí.* Ó fi pẹ́ẹ̀gì há wọn sórí okùn. Iṣẹ́ tó bá yé ọmọ, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò já páálí náà. Èyí tí kò bá yé e, kò sí ìbáwí, wọ́n kàn sún un síwájú lórí okùn ni. "Okùn gùn," ni Tíṣà máa ń wí. Ẹ̀kọ́ kì í pẹ́. Bí ojú ọmọ bá ti ń lọ síta, wọ́n ti ṣíwọ́ nìyẹn, wọn a bọ́ síta lọ wo ohun tí ojú ń wò.

Òfin ilé náà kò ju ẹyọ kan lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ọmọ náà parí ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá há a, Tíṣà a káwọ́ sórí itan, a ní, "Jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ kì í sá lọ." Jẹ́jẹ́ di orúkọ ọmọ.

Páálí kan wà tí kò já. *Ka ìwé sókè fún èèyàn.* Wọ́n ń sún un síwájú láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Jẹ́jẹ́ ń kàwé, ṣùgbọ́n ètè lásán ló ń mì. Ohun tí ìyá wa ń lépa nìyẹn láyé rẹ̀ tó kù: kó gbọ́ ohùn ọmọ náà láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, láìsí ẹni tí yóò bá a parí rẹ̀.

Abẹ́ fèrèsé ni tábìlì wà. Ìta fèrèsé ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kan, bí ìfági ṣe ń dún, ó gbọ́ ohùn kékeré kan. Jẹ́jẹ́ ń kàwé sókè. Ó gbà pé ìró ìfági bo òun mọ́lẹ̀. Káfíńtà dá ọwọ́ dúró kó lè gbọ́ dáadáa. Ohùn náà dákẹ́.

Tíṣà ti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn yọ, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ìfófò ọṣẹ. Ó rọra sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rọ̀. "Kí lẹ dákẹ́ fún?"

"Mo ń gbọ́ ọ ni."

"Ẹ má gbọ́ ọ. Ẹ máa fági."

"Pákó yìí ti dán."

"Ẹ tún mú un dán sí i."

Láti ọjọ́ náà, bí Jẹ́jẹ́ bá ti ṣí ìwé, bàbá àgbà rẹ̀ a gbé ìfági. Ìró kò gbọdọ̀ dá. Báyìí ló ṣe fá pákó ilẹ̀kùn Báábà, ẹni tó ń gẹ irun ní òpópónà wa, títí ó fi fẹ́lẹ́. Báábà dé, ó gbé pákó náà sójú oòrùn, ó ní, "Ọ̀gá, ilẹ̀kùn ni mo ní kí ẹ kàn o, kì í ṣe kọ́tìnì."

Káfíńtà ní, "Ọmọ ń kàwé."

"Kí ló kan ilẹ̀kùn mi níbẹ̀?"

Káfíńtà fi ìfági tọ́ka sí fèrèsé, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Báábà tẹ́tí. Ó gbọ́ ọ. Ó jókòó sórí òkìtì pákó, kò sì tún dárúkọ ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà.

Ní oṣù tó kọjá, Tíṣà sọ pé ó tó àkókò. Jẹ́jẹ́ yóò kàwé nínú ìjọ ní ọjọ́ àwọn ọmọdé. Ó mú páálí náà, ó fi pẹ́ẹ̀gì há a sí ibi ọjọ́ Àìkú yẹn lórí okùn. Nínú ọ̀sẹ̀ náà ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì òun wá sí yàrá iwájú, níbi tí wọ́n ti ń kàwé. Ọjọ́ Àìkú dé, ó kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló ní, "Ẹ sún un síwájú. Okùn gùn."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé. Jẹ́jẹ́ ń kà. Bàbá ń fági. Láàárín ìró méjèèjì ló sùn, tí kò sì jí mọ́.

Ọkọ rẹ̀ kò mọ̀. Ó ń fági lọ. Jẹ́jẹ́ ló wá sójú fèrèsé. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ náà há a, ó pẹ́ kó tó jáde. Bàbá ti rí ojú rẹ̀, ó ti mọ ohun tó fẹ́ sọ. Kò bá a parí rẹ̀. Ó dúró dè é.

Láti ọjọ́ náà, ilé ti fẹ̀ jù. A kò tíì dá àwọn àga àlejò padà sí yàrá iwájú. Ẹni tó bá wá kí wa ń dúró ni. Ní ọjọ́ Àìkú, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lọ sórí sísọ́ọ̀sì, ó gé páálí kan, kò sì mọ ohun tí yóò kọ sí i.

Páálí ìjọsí, èyí tó ní kí Jẹ́jẹ́ ka ìwé sókè fún èèyàn, ṣì wà lórí okùn. A ti mú òun àti okùn wá síhìn-ín, ẹ ó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Jẹ́jẹ́ ló ní òun fẹ́ kàwé lónìí. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Àkọ́bí olóògbé ti ka ìtàn yìí dé ibí. Ìyókù di ti Jẹ́jẹ́.

Ẹbí bẹ̀ yín. Bí ọ̀rọ̀ bá há a, ẹ má bá a parí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má pàtẹ́wọ́. Ẹ má sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ máa fi ìwé yìí fẹ́ atẹ́gùn sára, ẹ wúkọ́, ẹ jẹ́ kí àga máa dún. Ọkọ olóògbé kò sí lórí àga iwájú. Bí ẹ bá gbọ́ ìró ìfági níta fèrèsé, ẹ má ṣe rán ẹnikẹ́ni lọ dá a dúró. Pákó náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

Jẹ́jẹ́, ó kàn ọ́.

Màmá fi ọkọ sílẹ̀ sáyé. Ó ń fági.

Ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe, nọ́ọ̀sì, àti òṣìṣẹ́ báńkì.

Ó fi àwọn àbúrò sílẹ̀, àti ìyàwó ọmọ, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún.

Èmi ni ìkẹta nínú wọn.

Ó fi gbogbo àwọn tó kọ́ ní lẹ́tà àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Màmá, ọ̀rọ̀ ò sá lọ. Mo ti kà á dé òpin. Mo fẹ́ já páálí náà báyìí.

Ẹ sùn jẹ́jẹ́ o.