Nítorí Tábìlì Tí O Gbé Síta

Kábà,
Ọjọ́ Jímọ̀.

Yúsràt ọmọ mi,

Okun o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òòrùn, mo kí ọ kú ìdúró. Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn oníbàárà rẹ ńkọ́? Ọlọ́run Ọba tó fi oúnjẹ sí ọ lọ́wọ́ kò ní jẹ́ kí iná ààrò rẹ kú, àmín.

Bàbá rẹ kí ọ. Iṣu tí wọ́n fi owó tí o fi ránṣẹ́ gbìn ti ta dáadáa. Eyín wọn kan tó ń mì tẹ́lẹ̀ ti jábọ́, wọ́n ní kí n má sọ fún ọ, n kò sì ní sọ.

Nígbà tí o pè lọ́jọ́ Àìkú pé ìjọba ti jẹ́ kí tábìlì mẹ́rin rẹ dúró níta ṣọ́ọ̀bù ní Ìlọrin níbẹ̀, ẹkún ayọ̀ ni mo sun. O ní o kò mọ ohun tó yí wọn lọ́kàn padà, torí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ẹsẹ̀ àwọn tábìlì náà pé àwọn yóò kó wọn lọ. Yúsràt, jókòó dáadáa. Èmi ìyá rẹ mọ̀ nípa rẹ̀.

Ṣé o rántí fọ́ọ̀mù ìjọba tí o ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé kí n gbàdúrà sí i? Mo gbàdúrà sí i. Lẹ́yìn náà mo mú bírò, mo fẹ́ kọ ọ́, àmọ́ bírò kò mú lórí gíláàsì fóònù. Tíṣà Oyèbánjí, aládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì, ló gba fóònù lọ́wọ́ mi kí n tó họ ọ́ tán. Àwa méjèèjì gun ọ̀kadà lọ sọ́jà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé fún wa.

Tíṣà ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn fẹ́ kó gbogbo tábìlì oúnjẹ kúrò lójú títì, pé ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn ní ọjọ́ mọ́kànlélógún láti kọ ẹ̀hónú rẹ̀ wá. Ìjọba yín mà dára o! Wọ́n fún èèyàn láyè láti bínú, wọ́n tún ka iye ọjọ́ tí yóò fi bínú tán. Níbí, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ ti ń bínú sí mi láti ọdún tí o bí Nàíìmà, kò sì sẹ́ni tó fún un ní fọ́ọ̀mù.

Mo wá ń rò ó pé, kí ni tábìlì ṣe fún ìjọba? Ìgbà tó yá ni mo rí i. Lọ́jọ́ tí mo wá kí ọ, mo rí àwọn oníbàárà rẹ tí wọ́n ń gé òkèlè iyán lójú ọ̀nà gbangba, èèyàn ń kọjá lọ kọjá bọ̀, ẹnì kan ṣoṣo kò sọ pé ẹ wá bá wa jẹun. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà, n kò kàn lè wí ni. Ta ni inú rẹ̀ kò ní bí? Ó lè jẹ́ pé ọ̀gá ìjọba kan tí ebi ń pa ló kọjá níbẹ̀.

Nítorí náà, níbi tí wọ́n ní ká kọ ẹ̀hónú sí, ìdúpẹ́ ni mo kọ́kọ́ kọ, torí níbí a kì í gbé ẹjọ́ ṣáájú ìkíni. Mo ní ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ kí ọmọ mi máa dáná lójú títì yín láti ọdún mẹ́fà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i, èmi ni mi ò kọ́ ọ dójú ẹ̀, láti òní lọ ẹnikẹ́ni tó bá jókòó jẹun síta yóò máa pe ẹni tó ń kọjá. Tíṣà ní kì í ṣe ohun tí wọ́n bi wá nìyẹn. Mo ní ìwé tó kà pọ̀ jù ni.

John, awakọ̀ tó máa ń kó èrò láti ibí lọ sí Ìlọrin, ló bá mi gbé ìwé náà dé ọ́fíìsì wọn pẹ̀lú iṣu márùn-ún. Wọ́n gba ìwé, wọ́n dá iṣu padà, wọ́n ní òfin kò gbà á. Bóyá iyán ni wọ́n ń retí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà tán ni ọ̀gá ibẹ̀ pè mí. Ó ní lẹ́tà ogójì ló wọlé, èébú ló kún mọ́kàndínlógójì, wọ́n wá ka tèmi sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà gbogbo wọn dákẹ́. Ó ní ẹni tó bá ti fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ lè gbé tábìlì mẹ́rin síta. Jọ̀ọ́, fi ọ̀nà sílẹ̀ o, kí o sì kọ́ àwọn oníbàárà rẹ ní ìwà, torí mo ti fi orúkọ mi ṣe onígbọ̀wọ́.

Bí a bá ṣe èèyàn lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wa kí èmi àti bàbá rẹ lè wá kí àwọn èèyàn náà, kí o sì fi owó eyín tí n kò sọ fún ọ lé e. Ìwọ náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi. O kò gbàgbé ilé, ilé kò ní gbàgbé rẹ. Bí o ṣe ń bọ́ ará ọ̀nà, ọ̀nà yóò máa là fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ.

Mo tún rántí. Mo bi ọ̀gá náà pé kí ló dé tí wọ́n dákẹ́. Ó ní ìbéèrè tó kẹ́yìn nínú fọ́ọ̀mù ni, èyí tí wọ́n ti bèèrè bí ilé ẹni ṣe jìnnà tó sí tábìlì náà, torí ará àdúgbò nìkan ló láṣẹ àti sọ̀rọ̀. Tíṣà ti ní bí mo bá kọ Kábà síbẹ̀, wọn yóò jù ú nù. N kò kọ Kábà. Ohun tí mo kọ ni pé: kò jìnnà rárá, bí ọmọ mi kò bá dáná níbẹ̀, èéfín kì í rú nílé ìdáná mi.