Ìgbákọ Wà Lọ́wọ́ Ìyá Rẹ

Ọmọbìnrin mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń jágbe ti ń rọlẹ̀ díẹ̀? Ọlọ́run tí kì í sùn yóò máa ṣọ́ ọ nínú ìlú ńlá yẹn. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Má bínú ọjọ́ tí o pè tí o kò gbọ́ ohùn mi, ìyá rẹ ló fà á.

Mo gbé àga rẹ̀, èyí tó ga tó sì ní apá, fún ṣọ́ọ̀ṣì kí àwọn akọrin lè rí nǹkan jókòó sí. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn pé àga wa ń gbọ́ ìwàásù. Inú rẹ̀ ò dùn. Bó ṣe ń ṣàlàyé lèmi náà ń ṣàlàyé, títí ariwo wa fi dé etí pásítọ̀, ó sì ní ká wá síbi ẹ̀kọ́ tọkọtaya. Obìnrin tó ń kọ́ wa sọ pé etí onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ, ó wá fún ilé kọ̀ọ̀kan ní ìgbákọ onígi kan: ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ ni kó sọ̀rọ̀, kí ẹnì kejì dákẹ́ títí yóò fi kàn án.

Ìyá rẹ ló gbà á. Ọmọ mi, kò gbé e sílẹ̀ mọ́. Ó mú un lọ sóko, ó mú un lọ sí balùwẹ̀, abẹ́ ìrọ̀rí ló ń fi í sí sùn. Èmi tí mo ti ṣèlérí níwájú pẹpẹ pé mi ò ní sọ̀rọ̀ níbikíbi láìmú un lọ́wọ́, kí ni mo fẹ́ ṣe? Onígbàjámọ̀ fá orí mi kodoro torí mi ò lè sọ pé ó ti tó. Nígbà tí o pè, èmi ni mo gbé fóònù. O béèrè bóyá ara mi yá, mo mi orí pé ó yá. O ní hẹ́lóò, hẹ́lóò, mo tún mi orí, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ọ, ìwọ lo wá ń bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń dáná, ó ń bá mi wí lọ, ó ní orúnkún ń dun òun, pé àga yẹn nìkan lòun lè jókòó sí kóun sì dìde láìdi ògiri mú. Ó ní láti ìgbà òjò lòun ti ń gbìyànjú àtisọ ọ́, pé mo máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ òun lẹ́nu ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lójú ẹsẹ̀. Olórí akọrin ló jókòó sórí àga. Mi ò lè sọ̀rọ̀, mo kàn dúró tì í, mo tẹjú mọ́ ọn. Ó rò pé Ẹ̀mí ló gbé mi, ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó dijú kí n gbàdúrà fún òun. Mo gbé àga rù, mo kọjá lọ.

Mo gbé e délé, ìyá rẹ jókòó sórí rẹ̀. Ó wo orí mi tó ń dán, ó bú sẹ́rìn-ín, ó wá na ìgbákọ sí mi. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo ti ń to ẹjọ́ mi jọ, mo sì mọ ibi tí mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kò ju pé, pẹ̀lẹ́, ṣé ó ṣì ń dùn ẹ́?

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn ìpara orúnkún, àti fún àga mìíràn fún Ọlọ́run, nítorí mo ti gba tirẹ̀ padà, mi ò sì tíì sọ fún un.

Kí Olúwa fún ọ ní ọkọ tí yóò gbọ́ tìrẹ láìjẹ́ pé o mú ìgbákọ lọ́wọ́.

Èmi ni, bàbá rẹ.