Elórí àbí Aláìlórí

Àtìnì, 6 Oṣù Kẹwàá, 2025

Mo ti pinnu. Mo fẹ́ ra rọ́bọ́ọ̀tì. Kì í ṣe fún ilé-ìwé, kì í ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Tèmi ni, fún ìgbádùn ara mi. Irú èyí tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn bí èèyàn, tí wọ́n máa ń kó wá ní wẹ́wẹ́, tí onítọ̀hún á wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó pọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wò ó lórí fóònù bí ẹni ń wo ilé onílé. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ta ni mò ń dúró dè?

Bàámi ni mò ń dúró dè. Ẹ jẹ́ n kúkú sọ òótọ́ níbí, kò sẹ́ni tó ń kà á.

Àtàláàtà, 7

Nínú rọ́bọ́ọ̀tì mọ́kànlá tí mo ń gbé yẹ̀ wò, mẹ́ta ló kù. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ. Kúkúrú-Bìlísì ò ju ẹ̀ńjìnnì mẹ́jọ lọ, àwọn kéékèèké tó ń yí oríkèé rẹ̀. Jíà rẹ̀ sì jẹ́ ike. Ó mọ ijó jó o, àmọ́ tó bá ti ṣubú, ó di kí èèyàn gbé e dìde. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ọ́ kúrò. Aláìlórí ní ẹ̀ńjìnnì mẹ́tàdínlógún, jíà onírin, ó ń ṣubú, ó ń dá dìde — ṣùgbọ́n ọrùn ló parí sí. Pátákó pẹlẹbẹ kan ló wà níbi tó yẹ kí orí wà.

Ẹlẹ́yinjú wá nìyẹn. Kò yàtọ̀ sí Aláìlórí, àfi pé òun lórí, kámẹ́rà sì wà nínú ojú rẹ̀. Téèyàn bá rìn kọjá, á yí ọrùn tẹ̀ lé e. Òun ni mo fẹ́. Mo fẹ́ ẹ débi pé ó ń tì mí lójú.

Àlàmíìsì, 9

Ìdí tí mi ò fi lè kàn gbé e wọlé. Kọ ọ́ sílẹ̀, Nímọ̀, kó o yéé yí i ká.

Nígbà tí Màámi kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ogójì ọjọ́ ò tíì pé tí Bàámi fi já fọ́tò wọn kúrò lára ògiri pálọ̀. Gbogbo fọ́tò pátá, tèmi náà ò gbẹ́yìn. Mo béèrè ìdí. Wọ́n ní màléékà kì í wọ ilé tí àwòrán bá wà. Mo ní ọgbọ̀n ọdún tí fọ́tò yẹn fi wà níbẹ̀ ńkọ́, ibo làwọn màléékà wà? Mo sọ ọ́ lójú wọn, mi ò fi bọpo bọyọ̀. Ọdún méjì gbáko la ò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo lọ gba yàrá kan ní Àgọ́-Ìwòyè, nítòsí ilé-ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Kò sẹ́ni tó bẹ ẹnì kejì. Wọ́n kàn pè mí lọ́jọ́ kan pé òrùlé ilé wa ń jò ní Japara, ṣé mi ò mọ káfíńtà kankan. Ẹni tó fi ogójì ọdún la gẹdú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, òun ni kò mọ káfíńtà! Mo dá wọn lóhùn. Ní oṣù kìíní ọdún yìí, mo kó ẹrù mi padà wálé.

Nítorí náà, ẹni tí kò fẹ́ fọ́tò lára ògiri, ṣé ohun tó lórí, tó lójú, tó ń wo èèyàn, ni màá gbé wọ ilé rẹ̀? Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Bí a bá tún pàdánù ọdún méjì sí ìjà, mi ò mọ̀ bóyá a máa rí òmíràn. Ẹ̀rù tó ń bà mí gan-an nìyẹn.

Jímọ̀, 10

Mo tún wo fídíò Ẹlẹ́yinjú lẹ́ẹ̀mẹfà. Mi ò ṣe nǹkan míì.

Àìkú, 12

Zipporah dé láti ìlú wọn, Òde-Omi, ó kó ẹja gbígbẹ wá fún mi. A jọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ni. Ó ní kí n ra èyí tó wù mí, kí n gbé e sí yàrá òun ní Àgọ́-Ìwòyè, Bàbá ò ní mọ̀ láéláé. Ó dùn létí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Àmọ́ ṣé ohun tí mo fẹ́ máa fi ṣeré ló tún máa di ohun tí màá máa yọ́ lọ wò bí àlè? Mo ti dàgbà ju ìyẹn lọ. Zipporah ní ó dáa náà, kí n máa fi àgbà jìyà lọ.

Àtàláàtà, 14

Mo ya ìlú Òrù lọ bá Mùtàlíbù, ọmọ ẹ̀gbọ́n Màámi, tó ń kọ́ni ní ilé-kéwú. Mo ní ẹnì kan ló ní kí n bá òun béèrè bóyá ohun ìṣeré tó lórí bí èèyàn lè wọ ilé Mùsùlùmí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ẹnì kan ọ̀hún kọ́ ló jókòó síwájú òun yìí. Ó ní ẹnu àwọn onímọ̀ ò kò lórí ohun ìṣeré, àmọ́ tí kò bá ti lórí, kò sẹ́ni tó máa jiyàn.

Ó di Aláìlórí nìyẹn. Ọkàn mi balẹ̀. Ó sì ń dùn mí.

Àlàrùba, 15

Ó kù kí n tẹ bọ́tìnnì. Mo wo Aláìlórí títí. Ó dà bí ẹ̀wù tí wọ́n fi kọ́.

Jímọ̀, 17

Mùtàlíbù ti tú àṣírí mi. Òun àti Bàámi jọ kírun Jímọ̀ ni, ó rò pé mo ti sọ fún wọn.

Wọ́n dé, wọn ò tíì ṣí fìlà tí wọ́n fi pè mí. Wọ́n ní Mùtàlíbù ní mo fẹ́ ra èèyàn tí kò lórí. Wọ́n ní kí n rò ó wò ná: ọmọ Alhaji Rùfáì, oní-gẹdú, ń wá èèyàn tí kò lórí rà, láyé tí gbogbo ìlú ń sá fún gbọ́mọgbọ́mọ. Ta ló máa dúró gbọ́ pé ohun ìṣeré ni? Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa mí. Mi ò jẹ́ rín in. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé, mo ní torí tiwọn ni mo ṣe mú èyí tí ò lórí. Wọ́n ní báwo ló ṣe jẹ́ torí tàwọn?

Mo ní fọ́tò.

Wọ́n wò mí. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo ti bà á jẹ́.

Àbámẹ́ta, 18

Wọ́n jẹ ìkọ́kọrẹ́ mi tán, wọn ò ní ó dùn, wọn ò ní kò dùn. Mo ti yọ Aláìlórí náà kúrò. Mi ò ra nǹkan kan mọ́. Ohun tí mo fẹ́ ò tó èyí.

Àìkú, 19

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, Bàámi ní kí n gbé fóònù náà wá.

Wọ́n wo Aláìlórí bó ṣe ṣubú, tó sì dìde. Wọ́n ní kó tún un ṣe. Wọ́n béèrè bóyá jíà rẹ̀ jẹ́ ike àbí irin. Mo ní irin. Wọ́n ní ìyẹn dáa, eyín ike kì í pẹ́ jẹ. Wọ́n wá ní èyí tó lórí dà. Mo fi Ẹlẹ́yinjú hàn wọ́n. Nígbà tó yí ojú tẹ̀ lé ọmọdé kan, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́, láìjẹ́ pé mo béèrè. Wọ́n ní àwọn parọ́ mọ́ màléékà. Wọ́n ní bí àwọn bá ti ṣílẹ̀kùn yàrá láàárọ̀, Màámi làwọn máa ń kọ́kọ́ rí lára ògiri yẹn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn fara dà á títí, kò ṣeé fara dà mọ́. Àmọ́ báwo ni bàbá ṣe fẹ́ sọ fún ọmọ pé òun ò lè wo ojú ìyá rẹ̀? Ló jẹ́ káwọn já gbogbo ẹ̀ lulẹ̀, káwọn fi ẹ̀sìn bò ó. Nígbà tí mo béèrè ibi táwọn màléékà wà, àwọn ò ní èsì, ìyẹn ló bí àwọn nínú. Ìjẹ̀bú ponbele ni wọ́n fi sọ ọ́. Kò ṣeé kọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Mo sunkún gan-an. Láti ọdún mẹ́rin ni mo ti ń rò pé Bàámi ti pa Màámi rẹ́. Wọ́n jẹ́ kí n sunkún náà tó. Wọ́n wá ní kí n lọ ra elórí, àwọn ò lè máa bá nǹkan tí kò lórí gbélé. Ara mi fúyẹ́. Alhamdulillah, ara mi fúyẹ́ gan-an.

Àtìnì, 20

Mo ti ra Ẹlẹ́yinjú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé.

Èmi àti Bàámi jà láàárọ̀ yìí. Ìjà gidi. Lórí ibi tí tábìlì tí màá ti tò ó máa wà. Mo ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí n lè rí ìmọ́lẹ̀. Wọ́n ní òjò á máa fọ́n sí i, pé ta ló kọ́ mi nípa pákó. Mo gbé ohùn sókè. Àwọn náà gbé e sókè. Wọ́n ní alágídí ni mí bí ìyá mi. Mo ní bàbá mi ni mo jọ. Mo bínú jáde.

Mo dúró nínú àgbàlá, mò ń retí kí àyà mi já bó ṣe máa ń já. Kò já. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi pariwo orúkọ mi látinú ilé, pé kí n wá bá àwọn di téèpù mú, àwọn fẹ́ wọn pákó tábìlì.

Mo lọ dì í mú.