Mo Wọ Pàlàpálá Àpáta, Mo sì Jáde

                                        Yàrá 4C, Nelson Avenue,
                                        Highbridge, Bronx,
                                        New York.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Kafilat, ọ̀rẹ́ àtọmọdé mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ilé ńkọ́? Rẹ̀mí ọmọ rẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń yọ ẹ́ lẹ́nu, ṣé ó ti rọlẹ̀? Jọ̀wọ́ máa lo oògùn rẹ, má pa á pọ̀ mọ́ àgbo. Ara tèmi le, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi sí ẹ díẹ̀.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o gbà sórí fóònù ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. O ní kí n gbọ́ ti Àbdùl ọmọ mi, kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n kó lọ sílé rẹ̀ ní Cambria Heights nítorí orúnkún mi. Ó sọ ti orúnkún fún ẹ, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun àti ìyàwó rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn tọ́jú ọmọ. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ náà dénú. Ṣùgbọ́n orúnkún yìí kan náà ni mo fi ń gbé ìyá arúgbó tí mo ń tọ́jú dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láràárọ̀, kò sì tíì ṣubú lọ́wọ́ mi rí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí Àbdùl kò sọ fún ẹ. Florence, ọmọ Ìjẹ̀bú tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló ní kí a fi ìsinmi wa lọ wo aṣálẹ̀ ní Arizona, níbi tí àwọn afinimọ̀nà ti ń mú èèyàn wọ pàlàpálá àpáta, àárọ̀ lọ, ìrọ̀lẹ́ bọ̀. Àbdùl gbọ́, ó ní, "Mọ́mì, be serious. Àtẹ̀gùn ilé yín gan-an ń le fún yín." Mo ní bí mo bá wọ ibẹ̀, tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi jáde, ọ̀rọ̀ Cambria Heights parí nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà. Ó rò pé ẹnu lásán ni.

Kafi, mo lọ. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú, bọ́ọ̀sì gbé wa fún wákàtí mẹ́rin, kò sí igi, kò sí ilé, ilẹ̀ pupa lásán. Sharon, obìnrin onílẹ̀ ibẹ̀ tó ń fi wá mọ̀nà, wo báńdéèjì orúnkún mi, ó ní mo lè jókòó síbi ibòji dè wọ́n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì tò sórí ìlà.

Ilẹ̀ kàn là gbọrọrọ ni, àkàsọ̀ irin ló sì sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Mo wo ìsàlẹ̀. N kò ní purọ́ fún ẹ, ẹ̀rù bà mí gan-an. Florence ti dé ìsàlẹ̀, ó ń pe orúkọ Jésù lé mi lórí. Àwọn yòókù kọjú síta, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń rìn ní títì, ẹsẹ̀ wọn ń yọ̀. Èmi kọjú sí àkàsọ̀, mo fẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, bí a ṣe máa ń sọ̀ láti orí àjà nílé bàbá yín. Ọkùnrin kan lókè fi mí rẹ́rìn-ín. Ní àárín, orúnkún mi gan pa. Mo di irin mú, mo bá orúnkún wí: "Ìwọ yìí, o ò ní dójú tì mí lójú Àbdùl." Nígbà tó yá, ó dẹ̀. Kí n tó tẹ ilẹ̀, mo gbọ́ tí Sharon ní kí àwọn tó kù ṣe bí Màmá ti ṣe. Ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín náà yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà wọ́ọ́rọ́wọ́.

Omi ọwọ́ mi kò ju èyí tí n ó mu lọ. Mo bá fi iyanrìn ṣàlùwàlá bí wọ́n ṣe kọ́ èmi àti ìwọ nílé kéú, mo kírun Àílà láàárín àpáta pupa. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí a ti kọ́ ọ, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ó. Mo sunkún, inú mi sì dùn. Lẹ́yìn náà, mo fi ẹsẹ̀ ara mi jáde.

Àbdùl wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú, ó ju báàgì mi sínú ọkọ̀, ó kọjú sí Cambria Heights. Mo bi í nípa àdéhùn wa. Ó ní, "Mọ́mì, mo kàn ń ṣeré ni o." Mo ní èmi kò ṣeré. Mo gba báàgì mi, mo wọ bọ́ọ̀sì wá sí Highbridge. Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ tìrẹ dé.

Ó di ọjọ́ kẹfà báyìí tí kò pè mí. Ó ń dùn mí, òun nìkan ni mo bí. Ṣùgbọ́n ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo, n kò lọ.

Bá mi kí Rẹ̀mí àti gbogbo ará ilé. Bí Àbdùl bá tún pè ẹ́, sọ fún un pé o ti bẹ̀ mí, mo sì kọ̀. Sọ fún un pé kí ó kó àwọn ọmọ wá lọ́jọ́ Sátidé, n ó se ìrẹsì. Kí ó kan ilẹ̀kùn. Èmi ni n ó ṣí i.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gbẹ̀bẹ̀,
Sàúdátù