Má Fi Tíì Lo Oògùn Ọrùn Rẹ Mọ́

Ọmọ mi,

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè wa ló kọ́kọ́ sọ fún mi, lẹ́yìn tí o jáde, pé omi lásán ni wọ́n fi ń lo oògùn tí dókítà fún ọ nítorí ẹṣẹ́ ọrùn rẹ tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, kí oúnjẹ tó kan ẹnu, pé mílíìkì kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lára. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń fún ọ ní tíì tí mo da mílíìkì sí láti fi lò ó. Mo rò pé mò ń kẹ́ ọ ni. Nígbà tí òtútù ò fi ọ́ sílẹ̀, tí okun ò padà sí ọ lára, mo ń pè ọ́ ní ọ̀lẹ. Má bínú.

Lọ́la, fi omi lò ó, kí o dúró fún wákàtí kan kí o tó jẹun.

Àárọ̀ yìí náà ni mo tún ní, "Ọ̀gá Oorun, iṣẹ́ ń dúró dè ọ́." O kàn gbé báàgì rẹ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí o fi yà ní kọ̀rọ̀. O ò bojú wẹ̀yìn.