Bàámi Kì Í Dá Ife Gbé

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹwàá

Bàámi ò jẹun. Ọbẹ̀ ẹ̀wà tí mo gbé síwájú rẹ̀ láàárọ̀ ti dì. Mo gbé e kúrò, mo gbé òmíràn wá, ìyẹn náà dì. Ó kọjú sí ògiri bí ẹni tí ògiri ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀wù rẹ̀ ti tóbi jù ú lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí a sin Kepa. Kepa nìkan ló kù fún Bàámi nínú ẹgbẹ́ wọn. Mẹ́fà ni wọ́n pẹ̀lú Bàámi, ọmọ iṣẹ́ ni gbogbo wọn nígbà tí wọ́n pàdé, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi létí odò. Láti ìgbà náà, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́ — òpópónà kan náà, àwọn ilé ọtí kan náà. Wáìnì pupa díẹ̀ nísàlẹ̀ ife, oúnjẹ ẹnu kan lórí igi tín-ín-rín, orin kan, ó di ilé tó kàn. Òjò ò dá wọn dúró. Ìyàwó ò dá wọn dúró. Ikú nìkan ló rí wọn mú.

Èmi ńkọ́, kí ni iṣẹ́ tèmi? Mò ń kó àlejò kiri àdúgbò yẹn kan náà, ní Bilbao níbí. Mo gbé agbòjò pupa sókè kí wọ́n má baà sọnù. Mò ń fi àṣà wa hàn wọ́n: mu díẹ̀, jẹ díẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ. Tapas ni wọ́n ń pe oúnjẹ orí igi yẹn. Bàámi kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn. Pintxo là ń pè é níbí. Ohun tó ń pa bàbá mi lọ ni mo ń tà jẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹwàá

Koldo jẹ́wọ́ fún mi lónìí. Koldo ló ni ilé ọtí tí wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú Kepa, Bàámi wọlé, òun nìkan. Ó nawọ́ sókè bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, “Mẹ́fà.” Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ti mọ́ Koldo náà lọ́wọ́: ó to ife mẹ́fà, ó da wáìnì sí gbogbo wọn. Ìgbà tó gbé ìgò sílẹ̀ ló tó rí ohun tó ṣe.

Lọ́dọ̀ wọn, kò sẹ́ni tó ń sọ pé bu ọ̀kan fún mi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ló ń pè fún gbogbo ẹgbẹ́. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ mu títí ọwọ́ á fi wà lára ife kọ̀ọ̀kan. Ife mẹ́fà, ọwọ́ kan ṣoṣo. Koldo ní Bàámi dúró, ó ń wo àwọn ife náà. Ó wá dé fìlà rẹ̀, ó jáde, kò fẹnu kan nǹkan kan. Ọjọ́ yẹn ló dùbúlẹ̀.

“Ọwọ́ mi ló ṣe é, Nekane, kì í ṣe orí mi.” Ohun tí Koldo ń sọ ṣáá nìyẹn. Mo ní orí wo? Ìwọ náà lórí? Mo bú u dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo gbé orí lé káńtà, mo bú sẹ́kún níwájú àwọn ará Denmark tí mo kó wá. Wọ́n rò pé ó wà lára ohun tí àwọn sanwó fún. Ọ̀kan yà mí ní fọ́tò.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹwàá

Wàrà dídì, ààbọ̀ ṣíbí. Ó tu ú sí mi lọ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹwàá

Dókítà wá. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó tẹ̀ ẹ́ nínú, ó fetí sí àyà rẹ̀. Kò rí àrùn kankan. Ó fà mí lọ sí ilé ìdáná, ó ní bí kò bá tíì jẹun títí di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn á gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n á ti rọ́bà oúnjẹ bọ̀ ọ́ nímú. Mo ní ṣé yóò gbà? Ó ní ibi tó le nìyẹn, àgbàlagbà ni, kò sì ya wèrè.

Bàámi, Sabin Olóríkunkun, ti gbọ́. Etí rẹ̀ ò kú bí ikùn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ ti rọ́bà bọ ẹlòmíràn nímú. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, ẹ jẹ ẹyin yìí nítorí Ọlọ́run, ẹyin dídín pẹ̀lú ọ̀dùnkún, ẹ̀ẹ̀kan péré.

“Mi ò dá jẹun rí láyé mi.”

Òótọ́ ni. Nígbà tí Màmá kú, Kepa ló ń wá bá a jẹun ọ̀sán. Mo ní èmi wà níbí, Bàámi, mo jókòó tì yín.

“Ìwọ wà lẹ́nu iṣẹ́,” ó ní, ó tún kọjú sí ògiri.

Kí ló fẹ́ kí n ṣe? Kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí a jọ máa jẹ ògiri?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹwàá

Jẹ́ kí n kọ ọ́ kíá kí n tó jí lójú àlá.

Mo kúnlẹ̀ fún un láàárọ̀. Èmi Nekane, lórí orúnkún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo ní àwọn àlejò tòní fẹ́ rí ẹni tó mọ ìrìn yìí gan-an, pé irọ́ ni èmi máa ń pa fún wọn. Ìyẹn dùn mọ́ ọn. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Ó wọ ṣòkòtò, ó dé fìlà, ó fi ọ̀pá tẹ̀lé mi.

Obìnrin mẹ́jọ ni wọ́n, ará Korea, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyáàfin Yun ni aṣáájú wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi bí ìṣe mi, pé láyé àtijọ́ ni àwọn ọkùnrin máa ń — Bàámi ní, “Ayé àtijọ́ wo? Èmi rèé.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tẹríba fún un.

Ilé kejì la ti bẹ̀rẹ̀. (Mi ò gbé wọn lọ sọ́dọ̀ Koldo. N kì í ṣe òmùgọ̀.) Kí n tó lanu, Bàámi ti nawọ́ sókè. “Mẹ́sàn-án.” Àwọn mẹ́jọ àti òun. Amọ̀nà kì í mu. Àwọn obìnrin yẹn ò fọwọ́ kan ife títí Bàámi fi gbé tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àgbà nílé wọn nìyẹn. Mo rí ojú bàbá mi. Ó mu. Ó mu, ó sì jẹ gilda kan — ólífì, ẹja oníyọ̀ àti ata gígùn lórí igi — ó tún jẹ ààbọ̀ àkàrà pánla. Mo sá wọ ilé ìtọ̀, mo fi aṣọ dí ẹnu, mo sunkún.

Ó kọ́ wọn lórin lójú pópó. Ìyáàfin Yun di apá rẹ̀ mú títí dé ilé ìkẹyìn. Ọlọ́run, o ṣeun. Mo ti bú ẹ púpọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, máà kà á sí.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹwàá

Ó fárùngbọ̀n fúnra rẹ̀. Ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà kí n tó fọ ojú.

“Níbo ni wọ́n dé?”

Mo ní ta ni? Ó ní àwọn obìnrin àná. Mo ní, Bàámi, wọ́n ti wọ bàálù láàárọ̀. Ó ní gbogbo wọn? Mo ní gbogbo wọn.

“Irú ẹgbẹ́ wo ló ń tú ká lọ́jọ́ kejì?”

Mo ní àwọn mìíràn wà lónìí. Kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn náà jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọkùnrin tó wá bá ọ̀rẹ́ wọn ṣe fàájì kó tó gbéyàwó. Bàámi nawọ́ sókè, wọ́n ti ń pariwo ohun tí kálukú fẹ́ lé e lórí. Ọ̀kan gbé ife, ó dà á sọ́fun nígbà tí àwọn yòókù ò tíì rí tiwọn gbà. Bàámi gbá a lọ́wọ́. Ó gbá a lọ́wọ́ bí ọmọ ọdún márùn-ún! Ó wá sọ ife tirẹ̀ kalẹ̀ láìmu ún, ó ní kí n mú òun lọ sílé.

Ọ̀gá Fóònù pè. Ọ̀gá wa nìyẹn, mi ò rí ojú rẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mejì, ohùn nìkan ni. Ó ní àwọn àlejò fẹjọ́ sùn pé arúgbó kan na àwọn. Ó ní bí mo bá tún mú un wá, kí n máa kó agbòjò bọ̀, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹwàá

Omi. Omi nìkan. Ó ti padà sọ́dọ̀ ògiri rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹwàá

Òní gan-an ni ọjọ́ ọdún àwọn ẹgbẹ́ amuwáìnì bíi ti Bàámi. Gbogbo ẹgbẹ́ ló kóra jọ sí ìkóríta tí a ti ń rí ṣọ́ọ̀ṣì Màríà Begoña lókè, wọ́n ń kọrin sí i. Orin náà wọlé bá wa lójú fèrèsé. Lọ́dọọdún, ohùn Bàámi ló máa ń nípọn jù níbẹ̀.

“Ti fèrèsé yẹn.”

Mo tì í. Mo wá sá jáde lọ bá ẹgbẹ́ Anjel, amuwáìnì bíi ti Bàámi. Anjel ti mọ̀ mí láti kékeré, ẹgbẹ́ tiwọn ò tíì tán. Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú. Mo ní ẹ gbà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba Bàámi mọ́ yín, yóò kú. Anjel gbá mi mọ́ra. Ó ní àwọn á gbà á lónìí olónìí, “ṣùgbọ́n kò ní wá, Nekane. Bí àwọn tèmi bá tán, èmi náà ò ní wá bá ẹgbẹ́ ẹlòmíràn. A kì í yá ẹgbẹ́ wọ̀ bí aṣọ.”

Mo wo òkè lọ́hùn-ún, mo ní Ìyá Begoña, ìwọ ló gbọ́ orin ọkùnrin yìí láti ìgbà èwe rẹ̀, ṣé o ò lè san án padà? Òjò ló dáhùn.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹwàá

Mo ti di báàgì rẹ̀. Aṣọ ìsùn, sálúbàtà, abẹ ìfárùngbọ̀n. Ọ̀la, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ ilé ìwòsàn ń bọ̀. Kò lè dìde jókòó mọ́ láìdi nǹkan mú.

Ibi tí mo ti ń ká sálúbàtà ni inú ti bí mi. Mo jágbe mọ́ bàbá mi. Mo ní kí lẹ fẹ́? Ẹ sọ ọ́! Mo ti bẹ dókítà, mo ti bẹ àjèjì, mo ti bẹ Anjel, mo ti bẹ Màríà. Ta ló kù tí mo lè lọ bẹ̀ fún yín?

Ó ní ọdún mélòó ni mo ti ń kó èèyàn gba ẹ̀gbẹ́ àwọn kọjá? Ó ní mo máa ń fi agbòjò tọ́ka sí àwọn. “Bí ẹni tó ń fi ewúrẹ́ hàn. O ò dúró rí.”

Mo ní ẹ̀yin lẹ kì í jẹ́ kí obìnrin dúró tì yín! Màmá ò dúró tì yín rí. Ẹ ò pè mí rí!

Ó ní, “O ò wọlé láìgbé agbòjò rí.”

Mo gba ilé ìdáná lọ. Mo jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹwàá

Mo fi agbòjò sílẹ̀ nílé. Mo pe Ọ̀gá Fóònù, mo ní mi ò wá. Ó ṣì ń pariwo nígbà tí mo pa á.

Mo bá Bàámi wọ bàtà. Kò bi mí ibi tí à ń lọ. Òjò ń ṣe wẹliwẹli. Ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ó fi ìkejì dì mí mú, à ń sinmi lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé. Apá rẹ̀ ò wúwo rárá. Mo ń rò ó pé bó bá ṣubú síhìn-ín, èmi ni mo pa á.

Koldo rí wa, ó ju aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀. Bàámi tọ káńtà lọ, ibi tí wọ́n máa ń dúró sí gan-an. Ó nawọ́ sókè.

“Méje.”

Mo ní ó ti parí, orí rẹ̀ ti lọ, a ti padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Koldo wò mí, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí: ṣé kí n bù ú, àbí kí n má bù ú? Mi ò mọ ohun tí mo mi orí sí. Ó to ife. Wáìnì ń ta sórí káńtà. Mo ń ka ẹgbẹ́ wọn nínú ọkàn mi, òkú àti alààyè. Txomin. Fermín. Josu. Bixente. Kepa. Bàámi. Mẹ́fà. Mo tún un kà. Mẹ́fà náà ni. Ìkeje sì rèé, Koldo gbé e síwájú mi.

Bàámi fi ìka kan ife márùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ ẹni tó ni ín. Ó wá gbé tirẹ̀, kò mu ún. Ó ń wò mí.

“Ò ń dá gbogbo wa dúró,” ó ní.

Mo gbé e.

A mu. Wáìnì náà ò dára tó bí mo ṣe máa ń sọ fún àwọn àlejò. Ó jẹ gilda kan, ó jẹ ìkejì, ó ní iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó bi Koldo bóyá omi òkun ló fi ń fọ̀ ọ́. Koldo ń fi aṣọ ìnuwọ́ nu ojú.

Ọkọ̀ ilé ìwòsàn dé, mo ní kí wọ́n máa lọ. Dókítà ní òun á wá wò ó lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tí mo ń da aṣọ bò ó lálẹ́, mo rò pé ó ti sùn. Ó ní aago méjìlá lọ́la. Ó ní kí n má pẹ́, ẹni tó bá dé kẹ́yìn ló ń sanwó.